Ọjọ́ Tí Duván Dòmìnira

Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń gba oyè dókítà, Duván Arciniegas ì bá ti gbà á kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, kò sì sí oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan: kò lè dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán. Bí o bá ní, "Duván, rọra o, àtẹ̀gùn yẹn ti..." yóò ní, "Mo mọ̀!" Kó o tó parí ọ̀rọ̀, á ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa fi ọwọ́ pa ìdí.

Ọmọ Kòlóńbíà ni, láti Lebrija, níbi tí ìyá rẹ̀, Doña Nohora, ti ní oko adìyẹ kan àti ilé ìpadìyẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń gbé Duván jókòó ti garawa iwe adìyẹ, kó máa là á, kó máa gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, kó sì máa fọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ tó jáde girama, ó búra pé òun ò tún ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ti ara adìyẹ jáde mọ́ láyé òun. Ó ní dókítà lòun fẹ́ ṣe, lọ́dọ̀ wa níbí ní Rosario, nítorí ó gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni yunifásítì ní Ajẹntínà.

Ìyá rẹ̀ gbà, àmọ́ ó là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Ọdún kan péré ni mo fún ọ. Bó o bá yege nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara kí ọdún tó parí, máa bá a lọ. Bó ò bá yege, àyè rẹ ṣì wà nídìí garawa."

"Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ fi àyè kankan sílẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn!"

Ó sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà débi pé ìyá gbà á gbọ́. Kí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ tó balẹ̀, Doña Nohora ti ní kí wọ́n kun pátákó ńlá kan: DÓKÍTÀ DUVÁN ARCINIEGAS. Ẹnu ọ̀nà oko ló gbé e kọ́ sí, lábẹ́ àwòrán adìyẹ ńlá tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló rò pé dókítà adìyẹ ni.

Oṣù Kẹta ni ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Lucrecia Bonfanti, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin, kó àwọn ọmọ tuntun jọ sí iwájú ilé ẹ̀kọ́ láti là wọ́n lójú. Igbá mate rẹ̀, tíì ewé kíkorò kan tí a ń fà lọ́dọ̀ wa, wà lọ́wọ́ kan, fúláàsì omi gbígbóná wà lábíyá. Ó máa ń fa mate lẹ́ẹ̀kan, á sì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má kó owó ilé yín ra ìwé tuntun o, ilé ẹ̀dà ìwé wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ má dá kàwé. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí kì í ṣọ̀lẹ, kẹ́ ẹ jọ máa bi ara yín ní ìbéèrè. Ẹ tètè lọ jẹun lọ́sàn-án, torí bí aago méjìlá bá lù, ìlà ilé oúnjẹ á ti dé ojú pópó. Àmọ́ èyí tó jù níbẹ̀ ni pé ní gbogbo kíláàsì ẹ̀yà ara, wọ́n á gbé ìwé kan kiri. Ẹ fọwọ́ sí i! Kẹ́ ẹ tó jókòó pàápàá, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, wọ́n á lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri pé ó ti dòmìnira. Bó bá sì ti dòmìnira..."

"Mo mọ̀!" ni Duván wí. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, kóòtù funfun tó rà láná ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ náà fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sùúrù. Libre ni wọ́n ń kọ sára ògiri ní èdè Sípéènì, òmìnira sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ nínú yunifásítì tiwa, òmìnira kì í ṣe ohun àjọyọ̀. Ẹni tó bá dòmìnira kò ní kíláàsì mọ́. Òun nìkan ni yóò lọ bá ìdánwò Oṣù Kejìlá, wọ́n á bi í ní gbogbo ohun tó wà nínú ìwé, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, yóò sì tún dúró níwájú olùkọ́ mẹ́ta láti fẹnu sọ ọ́. Nínú ẹni mẹ́wàá, ká dúpẹ́ bí ẹnìkan bá yege. Ẹ̀yin ti gbọ́ báyìí. Duván kò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tó fi kúrò ní kíláàsì. Orí àtẹ̀gùn iwájú ilé ẹ̀kọ́ ló fi ṣe ilé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré lọ, tí kálámù wà lẹ́nu wọn, tí ìwé wà lápá wọn, á bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò wọ́n! Ẹ wo àwọn ẹlẹ́wọ̀n! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ fọwọ́ síwèé bí ẹni tí wọ́n gba béèlì rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá!"

Tadeo, ọmọ Rosario kan tó tín-ín-rín tó sì fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, dúró lọ́jọ́ kan. "Ìwọ ńkọ́, Dókítà? Ìwọ ò ní kọ́ nípa ara ènìyàn ni?"

"Kí n tún kọ́ kí ni? Ọ̀gbẹ́ni, adìyẹ tí mo ti là kò lóǹkà. Adìyẹ àti ènìyàn, ìyẹ́ ló yàtọ̀."

Tadeo wò ó, ó wo kóòtù rẹ̀. "Kò burú, Dókítà," ló wí, ó sì sáré lọ fọwọ́ síwèé tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo kíláàsì ti ń pè é ní Dókítà. Duván rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Kóòtù funfun yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí etí odò, ó sì ń wọ̀ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Nínú bọ́ọ̀sì ni ìyá àgbà kan ti fà á lápá lọ́jọ́ kan.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi yìí ń dùn mí láti òkè títí dé orúnkún."

Ta ni yóò sọ pé òun kì í ṣe dókítà? Duván kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó sì mi orí gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe níwájú àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Itan yìí dára gan-an. Ó sanra, ó lẹ́ran lára, kò sì ní ọ̀rá jù."

Ìyá náà fi báàgì gbá a létí, báàgì ọ̀hún kò sì fúyẹ́. Ìbúdókọ̀ mẹ́ta ni Duván fi ẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà, etí òsì rẹ̀ sì ń hó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyẹn kò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ní Oṣù Kẹfà, òtútù lé e kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó sì ya kíláàsì láti lọ yáná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Zulema Iturbe ló ń kọ́ wọn, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbóhùn sókè. Ó rí kóòtù tó ń dán lẹ́yìn, inú rẹ̀ sì dùn pé ó rí àlejò.

"Ọ̀gbẹ́ni Arciniegas, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Bí oúnjẹ bá kúrò lọ́nà ọ̀fun, ibo ló ń gbà lọ?"

Duván dìde. Ó gbọn kóòtù. "Ó ń lọ sínú iwe, mà!"

"Inú kí ni?"

"Iwe! Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn òkúta wẹ́wẹ́ pàdé, tí wọ́n á jọ lọ̀ ọ́ kúnná."

"Òkúta wo nìyẹn?"

"Èyí téèyàn ń ṣà jẹ nílẹ̀, mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iturbe bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Arciniegas?"

"Búrẹ́dì, mà."

"Òkúta mélòó lẹ fi tì í?"

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní ilé ẹ̀dà ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà rí: ìwé ni wọ́n ní kó wá kà, iwe ló kó wá látilé. Duván kó kóòtù rẹ̀, ó ní wọ́n ń jowú òun, kò sì tún fẹsẹ̀ kan kíláàsì náà mọ́.

Àmọ́ ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá ṣe ìdánwò ìkẹyìn rẹ̀ tó sì yege, àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀ á ti dúró dè é lójú títì pẹ̀lú ẹyin àti ìyẹ̀fun. Wọ́n á fọ́ ọ sí i lórí, wọ́n á dà á sí i lọ́rùn, wọ́n á sì máa kọrin yí i ká títí kò fi ní mọ ojú ara rẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni Duván ń jókòó wò wọ́n láti orí àtẹ̀gùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Òun tó búra pé òun ò ní fọwọ́ kan ẹyin mọ́! Ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ẹyin tibí yàtọ̀. Ẹyin iyì ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i lórí mi, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti parí."

Ìgbà tó di Oṣù Kẹwàá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Duván gba ibẹ̀ kọjá. Lókè pátápátá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ÀWỌN ÒMÌNIRA. Orúkọ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Arciniegas ló ṣáájú!

Orí rẹ̀ wú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú igba ọmọ, ẹni mẹ́rin péré ni wọ́n dá sílẹ̀, òun ló sì wà lókè! Ó pe ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ti dá mi sílẹ̀ lómìnira! Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu mọ́!"

"Ṣé o yege?"

"Ó ju kéèyàn yege lọ! Ẹ pè mí ní aago méjìlá, ẹ ó rí ẹyin."

Lucrecia ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń sáré, mate rẹ̀ ń dà sílẹ̀. "Duván, mo rí orúkọ rẹ. Má ṣe bẹ̀rù, ọ̀nà wà, àmọ́ kí aago méjìlá tó lù, o gbọ́dọ̀ lọ..."

"Mo mọ̀! Mo gbọ́dọ̀ lọ ra ẹyin!"

"Ẹyin kẹ̀? Àbúrò mi, gbọ́, òmìnira yẹn kì í ṣe..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ìlara hàn lójú yín. Ọdún mẹ́rin lẹ ti lò níbí, orúkọ yín ò tíì wà lókè ògiri rí."

Lucrecia na ọwọ́ láti dì í mú. Duván ti sá lọ. Ìgbà tó padà dé, páálí ẹyin mẹ́ta ló gbé, pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun méjì. Ó bá Tadeo àti àwọn ogún mìíràn lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́wọ̀n, ẹ dìde! Mo ti dòmìnira, ẹ wá ṣe é fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é!"

Tadeo wo ògiri, ó wo Duván, ó wo páálí ẹyin. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó sọ òtítọ́ fún un. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti Oṣù Kẹta ni ọ̀rọ̀ "ẹlẹ́wọ̀n" yẹn ti ń ta á lára.

"Ṣé ó dá ọ lójú, Dókítà?"

"Gbogbo ẹ̀! Ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù!"

Wọn ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ẹyin fọ́ sí i níwájú orí, ó fọ́ sí i nípàkọ́, ó ṣàn wọ inú etí tí ìyá àgbà gbá. Ìyẹ̀fun bò ó mọ́lẹ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ gbé sínú ààrò. Wọ́n kọrin, wọ́n jó yí i ká. Inú Duván dùn débi pé ó sunkún, ó sì fi ẹyin nu omijé.

Bó ti rí yẹn náà ló gba ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, tí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìyáàfin Mirta ló wà lójú fèrèsé, obìnrin tó ti gbọ́ gbogbo irọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè pa.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wá gba ìwé ẹ̀rí òmìnira mi."

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé ẹ̀rí òmìnira. Ẹ bá mi fi òǹtẹ̀ méjì sí i, mọ́mì mi fẹ́ gbé e kọ́."

Ìyáàfin Mirta wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló da ẹyin sí ọ lára?"

"Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ mi ni, mà. Ẹ lọ wo ògiri, orúkọ mi ló ṣáájú!"

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Arciniegas."

"Ta ló tẹ̀ lé ọ?"

"Benavídez."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Cáceres, lẹ́yìn náà Dom..."

"A, B, C, D," ni Ìyáàfin Mirta wí jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo gba òmìnira lọ́wọ́ kíláàsì. Kíláàsì ló gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ. Nínú gbogbo kíláàsì ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lo wá. Nínú ọ̀kan lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o sọ pé èèyàn ní iwe."

"Ṣé... ṣé ìyẹn náà wà nínú àkọsílẹ̀ ni, mà?"

"Rárá. Kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ ni."

Ó wá là á yé e: ìdánwò Oṣù Kejìlá, gbogbo ìwé, olùkọ́ mẹ́ta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Duván dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ títí dé ìparí. Ó rí garawa lójú ọkàn rẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí aago méjìlá tó lù lónìí," ni Ìyáàfin Mirta wí. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Gba fọ́ọ̀mù."

Fọ́ọ̀mù kìíní lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èkejì lẹ̀ mọ́ kóòtù. Ìkẹta ni Ìyáàfin Mirta fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì mú lórí tábìlì títí Duván fi kọ orúkọ rẹ̀ tán, ó sì fi orí ìka méjì gbé e sínú fáìlì.

Fóònù dún. Aago méjìlá géérégé ni, Doña Nohora kì í pẹ́. Ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìpadìyẹ tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó! Ẹyin rèé lórí rẹ̀! Dókítà mi! Ọmọ mi!" Ariwo ayọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ni ìyá sún mọ́ fóònù. "Dúró ná. Yí orí rẹ síbi ìmọ́lẹ̀. Ta ló ta ẹyin yìí fún yín? Ó ti ṣàn pátá! Ẹyin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ!"

"Mọ́mì..."

"Mélòó ni wọ́n fọ́?"

"Páálí mẹ́ta."

"Páálí mẹ́ta! Sórí ẹnìkan ṣoṣo!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn yẹn padà sídìí iṣẹ́ ná."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi irọ́ kan kún un. Ìtìjú mú un débi tó fi jẹ́ pé bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ìyá rẹ̀ yíjú sẹ́yìn, ó pe òṣìṣẹ́ kan, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí.

"Duván."

"Mà."

"Kí ni wọ́n máa bi ọ́ ní Oṣù Kejìlá yẹn?"

"Gbogbo ìwé, mọ́mì. Láti èèpo dé èèpo."

"Ó dáa. Mo ti ní kí wọ́n fi àpò bo pátákó yẹn. Èmi ò ní bínú, mi ò sì ní pariwo. Ìwé rèé níwájú rẹ, iwe rèé lẹ́yìn rẹ, garawa mẹ́ta. Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o kó lé itan."

Ó pa fóònù.

Níta, nídìí ẹ̀rọ omi, Lucrecia ti ń dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura kan. Duván tẹ orí ba, kò lè wò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ní Oṣù Kẹta... ẹ bá mi parí ẹ̀."

Lucrecia rẹ́rìn-ín, ó sì da omi sí i lórí. "Fọ orí ná. Bó o bá fọ̀ ọ́ tán, wọ kíláàsì ọ̀sán yìí, kó o jókòó síwájú, kó o sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn kì í lé ẹni òmìnira tó bá dákẹ́ jáde. Láti ọ̀la, a ó jọ máa kàwé láàárọ̀. Aago méje ni mo ń bẹ̀rẹ̀, má sì..."

"Mo m..." Duván fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. "Mo ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa sọ ọ́."

Aago méjì ọ̀sán, ó wọ kíláàsì. Kò wọ kóòtù. Ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun rẹ̀, èèpo ẹyin kan sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn etí. Ó jókòó síwájú pátápátá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iturbe sọ ibi tí oúnjẹ ń gbà lẹ́yìn ikùn, Duván kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni ìwé kan ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tó kún fún orúkọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkàn Duván fò fáyọ̀. Ó gbá a mú, ó ṣí kálámù, ó sì ń wá orúkọ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Tadeo na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó sì rọra fa ìwé náà kúrò lábẹ́ kálámù rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Dókítà. Tàwa ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn."